Táyà Tuntun fún Arúgbó

Ọjọ́ Ajé, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà 1986

Ṣé ọkọ̀ ni kò dára, àbí èmi ni n kò mọ̀ ọ́n wà? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn lánàá àti níjẹta.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí èmi àti Mobọ́lájí, nọ́ọ̀sì kékeré tí a jọ wà nílé ìgbẹ̀bí, ṣe ń lọ yẹ àwọn aboyún wò ní Abà Onígẹdú, Arúgbó, Láńdírófà wa, yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Apẹ. Ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, ó sì fi ìdí jókòó sínú kòtò. Àwọn agégẹdú ló fà wá jáde. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Olúyọmí, ọkọ mi, fi ọkọ̀ yìí wọ igbó lọ́pọ̀ ọdún, kò gbé e sí kòtò rí. Láti ìgbà tó ti kú, mo jogún ọkọ̀. N kò jogún ọwọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀dà ni èmi ti kọ́ ọkọ̀ wíwà.

Ẹni tó ń já mi láyà ni Fàtímọ̀, ọ̀kan nínú àwọn aboyún abà náà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Kò gbọdọ̀ bí èyí sí abà. Bó bá ti ń rọbí, Ìjẹ̀bú-Òde ni, lọ́dọ̀ dókítà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá bá mi gbé ní Odògbolú títí yóò fi bí. Ó ní ta ni yóò máa gbé ìyá ọkọ òun dìde, ẹni tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ? Mo bá ṣèlérí pé n ó wá gbé e. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òjò kò dáwọ́ dúró.

Ọjọ́rú, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà

Gilbert, àbúrò mi, dé láti Èkó. Ó yí Arúgbó po bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù, ó fẹsẹ̀ ta táyà. Ó ní, "Ànǹtí Rose, ẹ̀yin kọ́. Ta ló ń wọ bàtà tó ti jẹ tán rìn nínú ẹrẹ̀?" Ó ti rí àwọn táyà fífẹ̀ kan, pẹ̀lú irin wọn, irú èyí tí àwọn tó ń la ọ̀nà ń lò. Yóò tún gbé ọkọ̀ náà sókè díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Mo ní bí Fàtímọ̀ bá rọbí láàárín ọ̀sẹ̀ náà ńkọ́? Ó ní bó bá rọbí tí mo sì gbé e lọ sínú kòtò ńkọ́?

Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ borí tèmi. "Ẹ̀yin kọ́" yẹn ló dùn létí mi.

Ọjọ́bọ̀, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òjò láti àárọ̀. Kò sí ọkọ̀ nínú ọgbà. Alùpùpù tó bá ti kọjá, n ó yọjú wò bóyá láti abà ni.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà

N kò gbọ́ ìwàásù. Bí a ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ni Mobọ́lájí — ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn — sọ pé, "Ànǹtí, ẹ má bínú o. Táyà kọ́ ló yọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ yín ni. Ẹ tẹ bíréèkì bí ẹni tó fẹ́ tẹ ejò pa." Mo ní kí ló mọ̀, òun tí kò wa ọkọ̀ rí. Ó ní òun mọ bí a ṣe ń jókòó ti awakọ̀.

Mo wá ìwé ìlò ọkọ̀ náà jáde nínú àpótí Olúyọmí. Ó wà níbẹ̀ gbangba: lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń yọ̀, jíà tó kéré jù, kí ẹ́ńjìnnì máa di ọkọ̀ mú, kí ẹsẹ̀ jìnnà sí bíréèkì. Mo ti kà á rí. Mo tilẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Kí ni ìwé kíkà wá ń ṣe fún ènìyàn gan-an?

Ọjọ́rú, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó dé. Arúgbó ga, ó ya ẹsẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ń pàtẹ́wọ́ fún un. A wà á lọ sí ẹ̀yìn ìlú Ìjagun, níbi tí ọ̀nà oko ti dà bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó là á kọjá. N kò ṣe ohunkóhun, mo kàn jókòó ni. Gilbert ń rẹ́rìn-ín: "Ṣé ẹ ti rí i báyìí?"

Mo ti rí i. N ó sùn lálẹ́ yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó yẹ kí n ti rò ó.

Odò kan wà nísàlẹ̀ Òkè Apẹ, kí a tó dé abà. Igi ńlá méjì tí wọ́n tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni afárá rẹ̀, ọ̀kan fún táyà ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì. Gbàdàmọ́sí, ọkọ Fàtímọ̀, àti àwọn agégẹdú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ́ ẹ nítorí ilé ìgbẹ̀bí wa. Gẹdú tiwọn, omi ló ń gbé e lọ. Okùn ni wọ́n fi wọn àlàfo ẹsẹ̀ Arúgbó lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àtijọ́.

Lónìí, bí mo ṣe fẹ́ gun afárá, Gbàdàmọ́sí nawọ́ pé kí n dúró. Táyà yọ síta kọjá igi lápá méjèèjì, omi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó títí. Ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ yín ń rìn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nílà." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn lè sún igi kan, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí omi bá fà.

Mo fẹsẹ̀ rìn kọjá. Mo yẹ Fàtímọ̀ wò: orí ọmọ inú rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ó béèrè pé, "Ṣé ẹ ó wá?" Mo ní n ó wá. Ó wo ẹrẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

A bọ́ táyà fífẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí la ti rí àwọn ti tẹ́lẹ̀. Adìyẹ ti yé sínú ọ̀kan. Mobọ́lájí ń kó ẹyin, ó ń bẹ adìyẹ: "Ìyá ọmọ, ẹ má bínú, onílé ló dé."

N kò tíì sọ fún Gilbert.

Nírọ̀lẹ́, a wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn Ìjagun. Mo gùn ún, mo sọ̀, mo tún gùn ún. A bọ́ sínú igbó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ ti ìwé. Bí ọkọ̀ bá ti yọ̀ díẹ̀, á ti wà lórí bíréèkì kí n tó rò ó. Mobọ́lájí ní kí n bọ́ bàtà, kí ẹsẹ̀ lè mọ ohun tó ń tẹ̀. Mo bọ́ ọ. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì, láìwọ bàtà, nínú ẹrẹ̀ Ìjagun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lónìí ó yọ̀, ẹsẹ̀ mi dúró sáyè rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan péré.

Ọjọ́bọ̀, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹsẹ̀ ti ń gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ṣé mo ti mọ ọkọ̀ wà ni, àbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí nìkan ni mo há sórí? Kò sí odò nísàlẹ̀ tibí.

Olúyọmí máa ń súfèé níbi tí ọ̀nà bá ti burú. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni. N kò bi í rí bóyá ẹ̀rù ń bà á.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lánàá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Gbàdàmọ́sí gun alùpùpù já wọ ọgbà, ó rin gbingbin. Kò kí wa. Ó ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀."

Òkè Apẹ — jíà kékeré. Arúgbó yọ̀, ó tún yọ̀. Ẹsẹ̀ mi kò lọ síbì kankan. Lórí afárá, Mobọ́lájí ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú, ó ń fọwọ́ júwe. A kọjá. A tẹ́ Fàtímọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ lórí ẹní. Ìrora ti ń gun ara wọn.

Kí a tó padà dé afárá, odò ti gorí igi. Omi pupa tó ń sáré, kò sí igi lójú mọ́. Gbàdàmọ́sí ní kí n máa wà á lọ. "Èmi ni mo tẹ́ igi yẹn, Màmá Nọ́ọ̀sì. Mo mọ ibi tó wà. N ó rìn níwájú yín."

Mo pa ẹ́ńjìnnì.

Ó wò mí. "Ẹ̀rù ń bà yín ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ìyàwó mi ló wà lẹ́yìn yẹn." Mo ní nítorí rẹ̀ ni. Fàtímọ̀ di irin ọkọ̀ mú, ó ń pe Ọlọ́run. A dúró. Òjò dá. A ṣì dúró. Gbàdàmọ́sí jókòó sínú ẹrẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ìgbà tí igi méjèèjì yọ lómi bí ẹ̀yìn ọ̀nì, mo ṣáná sí ọkọ̀.

Lórí òkè náà ni táyà fífẹ̀ ì bá ti ràn wá lọ́wọ́. Táyà àtijọ́ ń yí lójú kan, ó ń ta ẹrẹ̀ sójú àwọn agégẹdú tó ń tì wá. Wọ́n tì wá dókè. Gilbert kò jẹ̀bi pátápátá. Kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Ara Fàtímọ̀ le. Ọmọ náà kò ké. Wọ́n ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ títí ó fi mí, ṣùgbọ́n kò lágbára láti fa ọyàn. Dókítà béèrè ohun tó dá wa dúró. Mo ní odò ni. Òótọ́ ni. Ṣé gbogbo òótọ́ náà nìyẹn? Bí mo bá kọjá nígbà tó ní kí n kọjá, bóyá ọmọ náà ì bá ti ké. Bóyá gbogbo wa ì bá sì wà nísàlẹ̀ odò. Ta ni yóò fi ọ̀kan wọn èkejì fún mi?

Nígbà tí mo ní ó dàárọ̀, Gbàdàmọ́sí wọlé tọ ìyàwó rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà

N kò sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, alùpùpù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbàdàmọ́sí ni. Mo ṣílẹ̀kùn, n kò lè béèrè. Òun ló sọ ọ́: "Ó ti fa ọyàn. Ó fà á bí ẹni tí inú ń bí." Obìnrin ni. Mo di òpó ilẹ̀kùn mú.

Ó ní àwọn ará abà ránṣẹ́: omi ti gbé igi kan lọ nínú afárá lánàá. Wọn yóò gé òmíràn, aboyún mìíràn ṣì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi wo ni kí wọ́n fi okùn wọ̀n, ti tẹ́lẹ̀ ni àbí tuntun?

Mo ní kí wọ́n má fi tèmi wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n to igi mẹ́rin pọ̀, kí ọkọ̀ yòówù lè kọjá, nítorí Mobọ́lájí náà yóò máa wà á. N ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́la. Ó rò ó wò. "Igi mẹ́rin. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn." Mo ní mo mọ̀.

Ó gun alùpùpù rẹ̀, kò tíì ṣáná sí i. Ó ní, "Mo bínú sí yín níjẹta, Màmá Nọ́ọ̀sì." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Ó ṣì ku díẹ̀ níkùn mi." Ó lọ.

Ilẹ̀ ti ń mọ́, ojú ọ̀nà ti funfun. Mo ti pa àtùpà.