Òjò Ìrọ̀lẹ́ àti Kéèkì Ìyáàfin Harmsen

Ojúlé Kejìlá,
Weidenstieg,
Hamburg.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 2021.

Ẹ̀gbọ́n mi Gesche ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú atẹ́gùn etí òkun. Báwo ni orúnkún Momme ọkọ yín? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn àgùntàn ńkọ́? Mo gbọ́ pé igi ápù ẹ̀yìnkùlé yín so wọ̀ǹtìwọnti lọ́dún yìí. Ẹ má jẹ ẹ́ tán o, mo ní ọ̀rọ̀ ápù láti bá yín sọ. Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ń rìn gbéregbère láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe tí n kì í fi í wálé. Ayé kékeré kan ni a ń dá sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n mi, tòun ti òkun àti afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ olóoru, oòrùn á mú kí afẹ́fẹ́ gbígbóná gòkè, á di ìkùukùu, á di òjò. Afẹ́fẹ́ tó gòkè yìí kì í jókòó sókè. Á ṣàn lọ sí ọ̀nà jíjìn, á rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí aṣálẹ̀, á sì tún fẹ́ padà síbi òjò. Lára ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ kiri gbogbo ayé nìyẹn. Ìṣòro wa ni pé àwọ̀n tí a fi bo ayé náà, ojú rẹ̀ fẹ̀ jù, ìkùukùu sì ń yọ́ bọ́ bí edé. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ wa, Ìyáàfin Frauke Harmsen, fi kọ òfin kan ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí òjò yóò rọ̀ sí àti ìgbà tí yóò rọ̀. Òfin yẹn ni gbogbo wa fi ń jẹun.

Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tuntun dé, ojú àwọ̀n wá kéré tó láti mú ìkùukùu fúnra rẹ̀. Ni àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá ní kí n yọ òfin ìyá yìí kúrò ká wò ó, ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá náà ń fẹ̀yìn tì gan-an! Ẹ̀rù bà mí. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ bó ṣe yẹ, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rin wọgbó. Bó bá sì rọ̀ dáadáa, iṣẹ́ ayé ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fi ọwọ́ ara mi pa rẹ́. N kò mọ èyí tí ǹ bá gbàdúrà fún.

Ìyáàfin Harmsen wá jókòó tì mí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Òjò wínníwínní ń rọ̀ lójú fèrèsé, bí ìṣe Hamburg. Mo yọ òfin náà, ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìpariwo nínú àwòrán ńlá tí kọ̀ǹpútà ń gbé sára ògiri. Ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ kedere, oòrùn ràn títí di ọ̀sán, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ lọ́hùn-ún, ìkùukùu kékeré kan yọ. Òmíràn yọ. Wọ́n ń wá ara wọn kiri, wọ́n para pọ̀, wọ́n wá forí lé ìwọ̀-oòrùn bí agbo àgùntàn yín, òjò ń rọ̀ lábẹ́ wọn. Afẹ́fẹ́ òkun yíjú padà, ó ń tẹ̀ lé wọn, kò sì sí ẹni tó pàṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, ojú àlá ni mo wà, n kò sì fẹ́ jí.

Ìyáàfin Harmsen tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n bá ìkùukùu wọ̀nyẹn sọ̀rọ̀, wọ́n ní, “Ẹ̀yin wọ̀nyí! Ohun tí ẹ ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn, tí mi ò rí yín.” Wọ́n mú kóòtù wọn, wọ́n lọ ilé. N kò lè wò wọ́n lójú. Omi lé ròrò sójú mi.

Ẹ ó rántí àṣà ibi iṣẹ́ wa: ẹni tó bá ba ayé jẹ́, tí kọ̀ǹpútà fi dákú, òun ni yóò gbé kéèkì wá síbi kọfí ọ̀sán. Tèmi kò lóǹkà, ilé búrẹ́dì ni mo sì ti ń rà á. Ìyáàfin Harmsen kò gbé e wá rí láyé. Àfi bí wọ́n ṣe wọlé lọ́jọ́ kejì tàwọn ti kéèkì ápù, ó ṣì ń gbóná.

Thies tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, fò dìde. “Háà, Màmá! Ayé kankan ò bàjẹ́ lánàá o. Àbí ẹ fẹ́ fi kéèkì bẹ̀ wá ká má jẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ lọ ni?”

“Thies, panu mọ́, kó o mú ọ̀bẹ wá. Láti ọgbọ̀n ọdún ni òjò ti ń rọ̀ lọ́sàn-án gangan ní Áfíríkà inú kọ̀ǹpútà yín, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń rọ̀ níbẹ̀ jù. Ta ló kọ òfin yẹn, ṣé ìyá ẹ ni? Èmi ni mo ba ayé jẹ́. Kò kàn dákú ni.”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi èmi. Ìyáàfin Harmsen gé ti àkọ́kọ́, wọ́n gbé e síwájú mi.

“Tjark, jẹun jàre. Mi ò fi omijé pò ó. Ọmọ kan ń bọ̀ tó máa yọ iṣẹ́ tìẹ náà dànù. Kó tó dé, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì. Èyí tó o máa ń rà wá yẹn, pákó ni.”

Mo jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dùn dé egungun. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ápù díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì kọ bí ìyá wa ṣe máa ń ṣe kéèkì tiwọn fún mi. Mo fẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. N kò mọ ọjọ́ tí ọmọ náà yóò wọlé.

Ẹ bá mi kí Momme, kí ẹ sì bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí.

Èmi ni àbúrò yín tí kò tíì mọ kéèkì ṣe,
Tjark.