Heater Mọ́tò Mi Ti Gbóná

Ọjọ́bọ̀, oṣù January

Láti ọjọ́ Ajé ni heater mọ́tò mi ti ń fẹ́ kìkì atẹ́gùn tútù. Lówùúrọ̀ yìí, nínú yìnyín ìlú òyìnbó níbí, kí a tó dé daycare, ètè Tèmi ọmọ mi ti ń gbọ̀n. "Mummy, my feet hurt." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún sórí steering.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan, Bísí, tí wọ́n ń gbé ní àdúgbò Skyview Ranch. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì bàbá wọn ní Ìbàdàn ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, síbẹ̀ wọ́n ní kí n máa bọ̀.

A jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa kí wọ́n tó ṣí ibi tí wọ́n ń bu coolant sí.

"Háà, ó ti gbẹ! Coolant tó bá gbóná nínú ẹ́ńjìnnì ló ń mú heater gbóná. Ṣé o kì í wò ó ni?"

"Ẹ má bínú, ma. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n máa wò ó."

"Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹ ni. Gba screwdriver."

Clip kan ló tú lára páìpù rọ́bà, tí coolant fi ń jò dànù. Èmi fúnra mi ni mo dè é. Mo pẹ́ lórí ẹ̀, wọn ò sì gbà á lọ́wọ́ mi. A bu coolant sí i, a tan mọ́tò, a dúró. Nígbà tó yá, ooru fẹ́ sí mi lójú, mo sì pariwo.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ gbé Tèmi ní daycare, ó sì ti sùn kí a tó dé Temple, àdúgbò wa. Mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, nínú ooru yẹn, mi ò fẹ́ jí i.