Òwú Náà Ò Jáde ní Funfun

Màmá mi,

Mo kí yín, mo kí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Ara mi le. Ẹ ò ní dá mi mọ̀ mọ́, mo ti sanra. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rán ihò tí ìrọbí dá sí mi lára, ńṣe ni mò ń da oúnjẹ sínú ike lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ìgbẹ́ má baà tún gba ojú ara mi jáde lójú àwọn tá a jọ wà ní wọ́ọ̀dù. Ibi tí wọ́n rán wá já. Dókítà ní ara tí kò jẹun kì í jinná. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, mo jẹ gbogbo ohun tí wọ́n gbé síwájú mi.

Àná ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ki òwú funfun sí mi lójú ara, wọ́n wá fa omi búlúù sí mi nídìí. Tí òwú bá jáde ní funfun, ó ti jinná nìyẹn. Nọ́ọ̀sì yọ ọ́, ó yára ká a mọ́wọ́, àmọ́ mo ti rí i. Mo ní búlúù náà mà dùn ún wò. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìró tí ẹ ní kí n ró bọ̀ wálé, mo ti fún ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Òwú tiẹ̀ funfun.

Ẹ bá mi kí ọkọ mi, ẹ kí ìyàwó rẹ̀ náà. Mo gbọ́ pé oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Ẹ sọ fún un pé tó bá ti ń rọbí, kó má dúró de ọkọ wa kó tó lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́ta lèmi fi dúró.

Èmi ni, ọmọ yín tó sanra.