Èlé tí Ó Ń Wọlé Lóṣooṣù

Ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìrìn, o kú àárẹ̀ àná. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ibi iṣẹ́ ń fara rọ? Àdúrà wa ni pé bí o ṣe ń jáde tí o ń wọlé, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́, kí onílé má wá ọ wá láàárọ̀, kí owó oṣù rẹ sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ ju bí tiwa ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ wa lọ. Àmín. Àwa náà wà. A ò ṣàìsàn, ó kàn rẹ̀ wá ni.

Jọ̀wọ́ má bínú sí ìwé tí mo fi kọ ọ́. Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ya àga ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni, torí náà bí o bá rí ìlà àti nọ́ńbà tó hàn láti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ àga ni, kì í ṣe iye owó. Mo kọ ọ́ wẹ́wẹ́ kí ó lè gba gbogbo ọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ pọ̀.

O rántí bí a ṣe pínyà. Ìjì ká òrùlé wa, mo ní n ó yá owó ní báńkì tí o mú mi lọ ṣí àkáǹtì, o ní kí n má yá a, kí n fún ọ láyè díẹ̀, mo sì dá ọ lóhùn pé èmi tí mo bí ọ kò ní di ẹrù lé ọ lórí, pé mi ò ní gba tọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ. O fi ìbínú wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, èmi náà fi ìbínú lọ yá a. Páánù dúró lórí ilé, gbèsè dúró lórí èmi. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ ni báńkì kọ sílẹ̀ fún ìdógò, wọ́n ní bí a ò bá san tán kí oṣù yìí tó parí, àwọn yóò wá gbé e. O sì mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ló ń bọ́ wa láti ìgbà tí orúnkún mi ti kọ iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀.

Ọmọ mi, a ti ṣọ́ owó ná dé ibi tí owó fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù wa. Èmi ni mo máa ń fi abẹ la igi ìṣáná kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó kéré tán, iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣì wúlò. Bí ọṣẹ ìpayín bá tán, ìyá rẹ á fi àlùmọ́gàjí la ọ̀rá rẹ̀, a ó sì máa ha inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Iyọ̀ tó ń fi ìka mẹ́ta bù tẹ́lẹ̀ ti di ìka méjì. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn lálẹ́, a ó kọ́kọ́ fẹ́ fìtílà pa kí a tó ṣí i, kí ó má bàa jókòó pẹ́. Rédíò ńkọ́? Kókó ìròyìn nìkan ni a ń gbọ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé a ti pa á, kí bátìrì lè pẹ́. Ó tó oṣù mẹ́wàá báyìí tí mo ti mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé tí mi ò sì mọ ìdí ọ̀kankan. Bí àwọn àgbà àdúgbò bá ń jiyàn ọ̀rọ̀ ìjọba, mo kàn ń mi orí ni.

Gbogbo èyí ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti fóònù. Lọ́jọ́ tí mo yá owó, akọ̀wé kan ti kìlọ̀ fún mi pé owó náà ní èlé, pé èlé a máa gorí èlé, pé fóònù ni àwọn yóò sì fi máa bá mi sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, oṣù kan kò tíì pé, fóònù ké. Mo wò ó, orúkọ báńkì wà lókè, iye owó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ojú fóònù náà ti sán láti ọjọ́ tó já bọ́ lórí àkàbà, ìyókù kò ṣeé kà. Oṣù kejì ó tún ké, iye náà ti pọ̀ sí i. Gbogbo ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù, kò yẹ̀ rí. Bí a ti ń san ni ó ń pọ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ pé èlé rèé o. Nígbà tó yá, mo rò ó pé bóyá wíwò tí mo ń wò ó ló ń mú kí ó bí sí i, ni mo bá pa á, mo fi aṣọ dì í, mo tì í mọ́ inú àpótí irinṣẹ́. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n nìkan ni mo ń tan án, kí n lè mọ ibi tí ìyà wa dé. Bí ó bá ń dún bíi pé ẹnìkan ń pè, mi ò jẹ́ gbé e, torí ọkàn mi ní ẹni tó bá ti gbé e ti fọwọ́ sí i nìyẹn.

Ọkùnrin kan wà tí báńkì máa ń rán wá lórí alùpùpù, Gbowó-gbowó ni a ń pè é. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń wá gba owó, tí ó sì ń sàmì sí káàdì wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó kí wa kú oríire, ó ní owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló kù, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí oṣù parí, kí a tètè wá ìyókù kí wọ́n má bàa wá gbé ẹ̀rọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ ọlọ́mọ yìí kò mọ ohun tí fóònù mọ̀, ọ̀gá rẹ̀ kò sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ ti ń nu ẹ̀rọ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tó fẹ́ rin ìrìn àjò. Mi ò lè wò ó mọ́.

Mo ní abèèrè kì í ṣìnà. Lọ́jọ́rú mo dìde, mo fi ẹsẹ̀ rìn kí n má bàa san owó ọkọ̀, mo dé báńkì, orúnkún mi ń bú mi. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó yọ ìwé pélébé kan fún mi, mẹ́tàdínláàádọ́ta ló kọ síbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ṣàlàyé fún ẹ̀ṣọ́ pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, pé rírù tí mo rù ló jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn rò pé mo kéré. Ẹ̀ṣọ́ ní kí n ṣáà lọ jókòó, wọn yóò pè mí. Òtútù inú ilé náà kọjá sísọ. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́jú owó kí ó má bàa bàjẹ́.

Nígbà tó kàn mí, mo ṣí fìlà níwájú akọ̀wé obìnrin kan tí kò lè jù ọ́ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wá kó èlé wọn kúrò nínú fóònù mi, pé a ò fọwọ́ kan tọ́rọ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n ṣáà fi ẹ̀rọ ìyàwó mi sílẹ̀. Mo gbé fóònù náà kalẹ̀ fún un tòun ti aṣọ tí mo fi dì í. Ó tẹ nǹkan, ó wò ó, ó tún wò mí. Ó ní Bàbá, èyí kì í ṣe èlé, owó yín ni, ẹnìkan ló ń fi í ránṣẹ́ sí yín. Mo ní ta ni. Ó ka orúkọ ẹni náà. Ọmọ mi, orúkọ tí mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ni.

Mo ní kí ó tún un kà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, oṣù kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà tí o kọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lákọ̀ọ́kọ́ o ní fún páánù. Lẹ́ẹ̀kẹta o ní fún orúnkún Bàbá. Lẹ́ẹ̀kẹfà o ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé fóònù. Nígbà tó dé orí ti oṣù tó kọjá, akọ̀wé náà rẹ ohùn sílẹ̀ kà á. O ní ṣé mo ṣẹ̀ yín ni.

Èmi àgbàlagbà yìí, mo jókòó níwájú gbogbo èrò báńkì, mo sunkún. Obìnrin kan rò pé olè ló jà mí, ó lọ bá mi wá omi.

Wọ́n yọ ìyókù gbèsè nínú owó rẹ níbẹ̀, kò tó ìdajì ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé tó ní òǹtẹ̀ pé a ò jẹ báńkì ní nǹkan kan mọ́, ẹ̀rọ sì ti di tiwa padà. Ẹni tó ń gbé etí odò kì í fi itọ́ bọ́jú, ṣùgbọ́n ohun tí àwa ṣe fún oṣù mẹ́wàá nìyẹn. Mo rò pé ìyá rẹ yóò jó. Kò jó. Ó bi mí pé láti ìgbà wo, mo ní láti oṣù àkọ́kọ́. Ó bú mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́, mo sì gbà á, torí mo jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé kí ni ọmọ náà ń jẹ lọ́hùn-ún tó fi lè máa yọ irú owó báyìí sílẹ̀ lóṣooṣù. Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí a rí ayọ̀ yọ̀.

Akọ̀wé náà kọ́ mi bí mo ṣe lè pè ọ́. Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa á kí o tó gbé e. Bí o bá rí i pé mo pè tí mi ò sọ̀rọ̀, ojú ló ń tì mí. Ìwé ló rọrùn, ìwé kì í wo ojú ẹni.

Wàyí o, mo fẹ́ tọrọ owó, torí bí lẹ́tà bàbá kò bá tọrọ owó, ọmọ lè rò pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tó ń bọ̀, má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí báńkì. Kọ́kọ́ mú nínú rẹ̀ jẹun, kí o jẹun yó. Fi ìyókù wọ ọkọ̀, kí o wá sílé kí a rí ọ. Iye tí mo ń tọrọ nìyẹn, mi ò sì ní gbà kí o dín in.

Ọwọ́ tí o fi ń fúnni kò ní di ọwọ́ tí yóò máa tọrọ. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, àárẹ̀ kò ní bá ọ dàgbà. Ìwọ náà yóò bí ọmọ tí yóò máa rántí rẹ, Ọlọ́run yóò sì fún ọ lọ́gbọ́n láti mọ̀ pé ọmọ rẹ ló ń pè.

Èmi ni, bàbá rẹ. Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi níbi tí mo ti ń kọ ọ́, ó ń bi mí ṣáá bóyá mo ti dáhùn ohun tí o bèèrè. Ó ní kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè dá ọ lójú. O ò ṣẹ̀ wá. O ò ṣẹ̀ wá rárá, ọmọ mi.