Folúṣọ́ Tí Kò Lè Ríṣẹ́ ní Yunifásítì Mìíràn

Abà Ìdí-Ọ̀pẹ,
Lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, 1976.

Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Yábàá? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyin àdàbà lórí igi tí kò ní ìlẹ̀kùn yóò máa ṣọ́ ọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ògiri ilé ẹ̀yìn sì ti wó, ṣùgbọ́n kò wó lu ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí n máa bá ìròyìn lọ, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́, n kò sì tíì bẹ ọmọ tí mo bí rí. Lẹ́tà burúkú tí mo kọ sí ọ lóṣù tó kọjá, jọ̀ọ́, fà á ya. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

O kọ tìrẹ ní Yorùbá kí ìyá rẹ lè gbọ́ ọ tí mo bá kà á, o ṣeun, ṣùgbọ́n o kò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀, o kò sì fi sí ìdí rẹ̀. O ní Ifoluson ni ọkàn rẹ fẹ́ jù báyìí. Mo ní háà, Folúṣọ́ ni ọmọ yìí ń wí, gègé ló yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. O ní láti ara rẹ̀ ni gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ti jáde. Ìyá rẹ káwọ́ lérí, ó ní ọkùnrin náà ti bímọ káàkiri nìyẹn. O ní kì í kánjú, ó sì lè pẹ́ títí kó tó yí ohun kékeré padà. Mo ní ọ̀lẹ ni. O ní kò ní ètò kankan lọ́kàn, kò mọ ibi tó ń lọ. Èyí tó wá pa mí ni ìlà ìkẹyìn, tí o ní bí kì í bá ṣe irú Yunifasi tí a wà yìí, bóyá Ifoluson kì bá ríṣẹ́ ṣe rárá. Mo rò pé etí ìwé ló gé ìdí Yunifásítì kúrò. Mo wá bi ara mi pé irú ọkọ wo ni kò lè ríṣẹ́ ní Ìbàdàn, tí kò lè ríṣẹ́ ní Ifẹ̀, àfi ní Àkókà tí o ti ń kàwé nìkan?

Bí mo ṣe gbá gègé mú nìyẹn. Mo kọ ọ́ pé kí Folúṣọ́ má ṣe tẹ abà yìí, kí ìwọ náà má sì wá títí o fi máa kọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ń ka lẹ́tà náà sí ìyá rẹ létí, mo fo ibi tí mo ti ní kí o má wá. Títí mo fi ń kọ èyí, kò mọ̀. Gbogbo Sátidé ló ń lọ dúró de ọkọ̀ Èkó, tó bá padà dé, á ní kí ló dé tí Ṣaléwá kò yọjú, èmi náà á ní bóyá ìdánwò ni.

Kò tán síbẹ̀. Mo ní kí Mùktárù tó ń fi lọ́rì kó pákó lọ sí Múṣin bá mi wá Folúṣọ́ rí. Ó rí ọ̀kan ní Àgùdà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń tún rédíò ṣe, Mùktárù ní kó fi ọmọ èmi Christopher Adéníran sílẹ̀ o, níṣojú ìyàwó ọkùnrin náà ló sì ti sọ ọ́. Mùktárù ní kí òun tó kúrò níbẹ̀, obìnrin náà ti ń to ẹrù ọkọ rẹ̀ síta, pẹ̀lú rédíò àwọn oníbàárà.

Tísà Ìbíkúnlé tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì nígboro ló là mí lójú. Mo gbé lẹ́tà rẹ fún un kó bá mi dárò, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Ó ní Bàbá Ṣaléwá, èyí kì í ṣe ènìyàn, ohun tí òyìnbó ń pè ní evolution ni, bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran ni, Yunifasi sì ni gbogbo ohun tó wà, ilẹ̀, oòrùn, ìràwọ̀, àti òfin tó so wọ́n pọ̀. Èmi tí mo kàwé girama, ojú tì mí.

Ó ní ọmọ a máa jọ òbí, ṣùgbọ́n àdàkọ òbí tí ọmọ jẹ́ kì í pé pérépéré, àṣìṣe díẹ̀ a wọ̀ ọ́, èyí tí àṣìṣe rẹ̀ bá sì bá ibi tó wà mu ni yóò yè, tí yóò bímọ. Mo wá bi í ní ìbéèrè tìrẹ, pé nínú ayé mìíràn tí òfin rẹ̀ yàtọ̀, ṣé yóò ríṣẹ́ ṣe? Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ní bóyá ibikíbi tí nǹkan bá ti lè da ara rẹ̀ kọ, tó sì lè ṣì í kọ, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé kọ́ ni nǹkan ti lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo rò ó títí nídìí amọ̀ tí mo ń pò láti fi tún ògiri tó wó mọ. Bí amọ̀ bá ṣàn jù, kò ní rántí ọwọ́ tó mọ ọ́n. Bí ó bá gan jù, kò ní gba ọwọ́ rárá. Lójú tèmi, Ọlọ́run ló po tiwa yìí dáadáa, Ìbíkúnlé kò sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní bá ọ jà lé e lórí.

Ohun tó dùn mí ni pé mo rí ara mi nínú ẹ̀kọ́ náà. Àmì tí o gbàgbé, àṣìṣe àdàkọ lásán ni. Nílé ẹlòmíràn, ì bá kú síbẹ̀, wọn ì bá fi rẹ́rìn-ín. Ilé tèmi ló bọ́ sí, ó rí oúnjẹ jẹ, ó dàgbà, ó di ọkùnrin, ó lọ tú ilé onílé ká ní Àgùdà. Ẹ̀rù tó wà nínú mi ló ń bọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí o ti wọkọ̀ lọ sí Èkó ni mo ti ń bẹ̀rù pé o máa di ẹni tí n kò mọ̀ mọ́, mo sì ti ń wá ẹni tí màá dá lẹ́bi.

Nítorí náà, máa bọ̀ wálé. Tí owó bá ṣẹ́ kù nínú èyí tí ìjọba ń fún yín, ra búrẹ́dì ńlá kan, gbé e lọ fún ìyàwó Folúṣọ́ yẹn, bá mi bẹ̀ ẹ́, kó rí i pé o kò mọ ọkọ òun rí. Bá mi wá náírà méjì pẹ̀lú, màá fi ra ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀, kí n máa wò ó kí n tó bínú. Má fi í ránṣẹ́ ní pọ́sítà ọ́dà o, ọ́dà ni àṣẹ lédè òyìnbó, n kò sì fẹ́ kí pósítọ́fíìsì máa pàṣẹ fún mi lórí owó ọmọ mi. Mú un wá fúnra rẹ.

Orí rẹ kò ní ṣì ọ́ lọ́nà. Ọgbọ́n tí o ń kó jọ kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Ibikíbi tí o bá yí padà dé, àánú á bá ọ débẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Christopher Adéníran.

Mo ti ka èyí sí ìyá rẹ létí, n kò fo ìlà kankan. Lónìí ló gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ fi tòun sí i, o sì mọ̀ pé kò mọ̀wé. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló tẹ̀ sísàlẹ̀ yìí. Mo bi í pé kí ni kí n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí n gbé gègé mi kúrò níbẹ̀, pé ọmọ òun kò ní ṣì í kà.