Ọwọ́ Màmá Tó Wà Lára Àmì Orílẹ̀-èdè

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ilé Ìtẹ̀wé Ẹ̀yìn Kóòtù.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà.

Onísùúrù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń rojọ́ bí agbẹjọ́rò yẹn? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ń pariwo, èmi náà ń pariwo, a jọ ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé o ti ń retí lẹ́tà mi. Má bínú, ohun tó ṣẹlẹ̀ kọjá ohun tí mo lè kó sórí fóònù.

O mọ ìtàn ọwọ́ Màmá, torí kò sí ọmọ tó wọ ilé wa rí tí kò gbọ́ ọ. Àmọ́ jẹ́ kí n tún un sọ nítorí àwọn ọmọ rẹ. Nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí fẹ́ gba òmìnira, ọ̀gá Bàbá mi ní ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ìjọba ní kó ya àmì kan: asà tí omi ń ṣàn lára rẹ̀, kí ọwọ́ kan sì gbé fìtílà sókè lórí asà náà. Bàbá mọ asà yà, ó mọ omi yà, ṣùgbọ́n gbogbo ọwọ́ tó yà ló ń jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ló bá ní kí Màmá gbé fìtílà ilé ìdáná dúró síwájú òun. Apá ro Màmá títí, ó kù díẹ̀ kó ju fìtílà náà lu ọkọ rẹ̀. Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ Màmá wọ́. Ilẹ̀kùn ló padé mọ́ ọn nígbà tó wà lọ́mọdé. Bàbá sì yà á bó ṣe wọ́. Nígbà tí ọ̀gá bi í léèrè, ó ní ohun tí òun rí ni òun yà. Ibi tí àmì náà ti wá nìyẹn.

Ìtumọ̀ ló wá tẹ̀lé e lẹ́yìn. Àwọn aláṣẹ jókòó, wọ́n ní asà ni ààbò, omi ni àlàáfíà, fìtílà ni ìmọ̀, ìka márààrún sì ni ẹkùn ilẹ̀ márùn-ún tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé ìka wo ni ẹkùn wo. Màmá ò bá wọn dá sí ìtumọ̀. Tirẹ̀ ni pé ọwọ́ òun wà lára owó, ó wà lára ìwé ìrìnnà, ó wà lára fìlà ọlọ́pàá. Ṣé o rántí ọjọ́ tí ọlọ́pàá dá wa dúró, tí Màmá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọwọ́ mi lo dé sórí yẹn o"? Ọ̀rọ̀ náà sú ọlọ́pàá, ló bá ní ká máa lọ.

Ó dáa. Ìjọba wá ní àwọn fẹ́ tún àmì náà yà, pé àwọn fẹ́ na ìka tó wọ́ yẹn. Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ wá sọ ọ́. Inú bí mi kọjá sísọ. Bàbá ti kú, a ò kọ́ ilé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, a ò ní fọ́tò rẹ̀ tó dára. Ìka yẹn ni mo fi ń rántí irú èèyàn tó jẹ́, ẹni tí kì í fi pẹ́ńsù parọ́. Màmá wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó ní ká máa lọ. Èmi ti to ọ̀rọ̀ jọ sínú. O mọ̀ mí, èmi kì í lọ síjà lọ́wọ́ òfo.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ dìde, ọmọ ẹkùn etíkun, èyí tó kéré jù nínú márààrún. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. Ó ní nígbà tí òun wà ní kíláàsì kejì, tíṣà gbé àmì náà kọ́ ara ògiri, ó ń ka ìka kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan tiwọn, tó bọ́ sórí ìka tó wọ́, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ibi iṣẹ́ ni o, inú ọkọ̀ ni o, bí èèyàn bá ti gbọ́ ibi tí òun ti wá, wọ́n á ká ìka kékeré sí òun. Ó ní, "Ọmọ mi ti iléèwé dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, 'Màmá, kí ló ṣe wá tá a fi wọ́?'"

Mo fẹ́ dìde, Màmá fà mí láṣọ jókòó, òun gan-an ló dìde. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè bó ṣe nà án fún Bàbá. Gbogbo gbọ̀ngàn ń na ọrùn láti wo ìka tó wọ́ náà. Mo ti ń rẹ́rìn-ín nínú, mo ní ó tán, a ti borí.

"Ọmọ mi," ó dojú kọ nọ́ọ̀sì náà, "ọwọ́ tèmi nìyí. Ilẹ̀kùn ilé bàbá mi ló ṣe é báyìí, kò sóhun tó kàn yín níbẹ̀. Ìka ò dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ ta ló ní kí wọ́n máa fi ọ̀kan ṣẹ̀sín? Sọ fún ọmọ rẹ pé ìka ìyá arúgbó kan ni." Ló bá yíjú sí àwọn aláṣẹ, ó ní, "Ẹ nà án."

Àní ó ní kí wọ́n nà án, Onísùúrù! Ẹnu mi ò tíì padé tá a fi dé títì. Mo ní, "Màmá, iṣẹ́ Bàbá ńkọ́?" Ó dúró. Ó ní, "Ohun tí bàbá yín rí ló yà. Kò rí ọmọ yẹn. Ká ní ó rí i, ṣé o rò pé á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?" Mo di ọwọ́ rẹ̀ yẹn mú, a sì jọ rìn lọ sílé.

Ilé ìtẹ̀wé wa ni wọ́n wá gbé àmì tuntun náà fún, èmi ni mo sì wà nídìí ẹ̀rọ. Kí n má parọ́, ó dùn mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo mú ọ̀kan lọ fún Màmá. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wò ó títí. Mo rò pé á sunkún. Ó ní, "Ọwọ́ mi náà ni. Wọ́n kàn wò ó sàn ni."

Èmi ni mo sunkún.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì bá mi fa agbẹjọ́rò kékeré yẹn létí díẹ̀. Màmá ní kí n kí ọ dáadáa, ó ní ojú rẹ ń wu òun ún rí.

Tìrẹ ni mí títí láé, tariwo-tariwo,
Aláriwo.