Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Wa Wúrà, Níbi Tí Múínátù Ti Bi Mí Léèrè

Ẹ kú ilé o, Àlàájà ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú àmójútó ilé bàbá wa. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí. Ẹ mọ̀ pé èmi kò kàwé. Múínátù ọmọ mi ló ń kọ ohun tí mò ń sọ. Mo ti ní kó má ṣe yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò.

Ara mi le. Ooru Houston kò yàtọ̀ sí tiwa, àmọ́ ní Alief, àdúgbò tí a ń gbé níbí, ẹni tí kò ní mọ́tò ti di ẹlẹ́wọ̀n. Bí Múínátù bá ti lọ síbi iṣẹ́, ó di èmi àti fèrèsé. Ọdún méjì la fi jọ ń jẹun tí a kì í dárúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ rántí pé òwúrọ̀ ni ìyàwó mi kú, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Múínátù bẹ̀ mí lórí fóònù láti ìhín pé kí n dúró de òun di ọjọ́ kejì. Mo ní a kì í fi òkú Mùsùlùmí dúró de ẹnikẹ́ni. Kò rí ojú ìyá rẹ̀ mọ́.

Lóṣù tó kọjá, ó gba ìsinmi, ó fi mọ́tò gbé mi rìn lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn. Ní ọjọ́ kẹta, a yà ra epo ní ìlú kékeré kan láàárín aṣálẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Wọ́n ti gbẹ́ odidi òkè kan di kòtò. Òyìnbó arúgbó kan gbé ọpọ́n omi síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí àwọn èrò máa fọ yanrìn wò. Ó fẹ́ kọ́ mi. Mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ rántí odò ẹ̀yìn Iléṣà, níbi tí mo ti máa ń gbẹ́lẹ̀ wá wúrà, tí ìyàwó mi máa ń fọ yanrìn rẹ̀? Bí ìyàwó mi ṣe máa ń mi abọ́ ni mo ṣe mì í, títí wúrà tí kò tó ẹyin eèrà fi yọ. Òyìnbó ní kí n wá gba iṣẹ́.

Múínátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ta ló wẹ màmá mi?"

Mo ní, "Èmi àti àǹtí rẹ Àlàájà ni."

Mo sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, irun tí ẹ tú tí ẹ sì dì ní mẹ́ta. Mo ní ẹ̀sìn nìkan kọ́ ló mú kí n kánjú sin ín. Bí mo bá wo ojú ìyàwó mi di ọjọ́ kejì, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé e.

Ó sunkún nínú mọ́tò. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá ebi ń pa mí.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ màmá rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní màmá òun kò ní gbà kí n bu iyọ̀ báyìí. Ìjà yẹn dùn mọ́ mi. Ó máa pè yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ rántí nípa ìyá rẹ̀ fún un. Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn, á fi ọ̀run kẹ́ ẹni tó lọ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà, ọmọ yín,
Lásísì